Ìgò Ọmọ Mẹ́wàá

Ọmọ mẹ́fà péré ló wà ní ibùdó ìlera láàárọ̀ ọjọ́ Ajé yẹn, Haleemah sì wà lára wọn. Nọ́ọ̀sì Christianah kò fẹ́ ṣí ìgò abẹ́rẹ́ èéyi. Ọmọ mẹ́wàá ni ìgò kan wà fún, bí wọ́n bá sì ti ṣí i, dandan ni kí wọ́n lò ó tán lọ́jọ́ náà.

"Ẹ padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀."

Ummulkulthum, ìyá Haleemah, kò kúrò níwájú nọ́ọ̀sì. Haleemah, ọmọ oṣù mẹ́sàn-án, ló pọ̀n sẹ́yìn. Nílé wọn ní Kemta, Mùs'áb, ọmọ ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ tó wá kí wọn, ti ń bá ọmọ náà ṣeré láti ọjọ́ Ẹtì. Àná ni èéyi yọ sí Mùs'áb lára. Alhaja Sàfúrátù, ìyá ọkọ rẹ̀, sì ti kìlọ̀ pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ sọ ọ́ síta, kí àwọn oníbàárà má baà máa sá fún àdìrẹ wọn.

Síbẹ̀, Ummulkulthum sọ ọ́ sí nọ́ọ̀sì létí.

"Ọjọ́ Ẹtì?" Nọ́ọ̀sì ka ìka. "Bí abẹ́rẹ́ bá wọlé kí ọjọ́ mẹ́ta tó pé, ó lè ṣáájú àìsàn náà. Bó bá kọjá bẹ́ẹ̀, mi ò lè fọwọ́ sọ̀yà. Ẹ lọ wá ọmọ mẹ́rin wá kí aago kan tó lù."

Ummulkulthum fún ọ̀já le, ó gbọ̀nà. Ojúlé dé ojúlé ló ń yà. Ó bá Oyíndà aránṣọ nídìí ẹ̀rọ rẹ̀.

"Ìyá Haleemah, ta ló sọ ọ́ di nọ́ọ̀sì?"

"Gbé ọmọ rẹ ká lọ, jàre."

"Àbí nǹkan ń lé ọ ni?"

"Kò sí nǹkan."

Irọ́ náà korò lẹ́nu rẹ̀ bí ewúro. Ṣùgbọ́n ọmọ mẹ́rin pé, wọ́n ṣí ìgò.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án lẹ́yìn abẹ́rẹ́ náà, ara Haleemah gbóná. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, nǹkan wínníwínní pupa ti yọ lẹ́yìn etí rẹ̀. Alhaja pàtẹ́wọ́.

"Ẹ wá wò ó! Abẹ́rẹ́ tó tìtorí ẹ̀ sáré ká ìlú ló gbé e wọlé yìí. Láti Ọjọ́bọ̀ tí Mùs'áb ti dé, ṣé ẹnikẹ́ni gbọ́ pé ọmọbìnrin yìí wúkọ́?"

"Màámi, ṣé kì í ṣe ọjọ́ Ẹtì ló dé?"

"Ọjọ́bọ̀ ni. Ìwọ wà ní ṣọ́ọ̀bù ní Ṣàpọ́n, èmi ni mo gba àlejò."

Ummulkulthum kà á lọ, ó kà á bọ̀. Ọjọ́ mẹ́rin ti pé kí abẹ́rẹ́ tó wọlé. Ṣé abẹ́rẹ́ ló pẹ́ ni, àbí àìsàn ló yá?

Ó gbé ọmọ lọ bá nọ́ọ̀sì.

"Ó lè jẹ́ abẹ́rẹ́ ló ń ṣiṣẹ́ lára rẹ̀," ni nọ́ọ̀sì wí. "Ó sì lè jẹ́ èéyi ló kọ́kọ́ wọlé. Ẹni tó bá búra fún yín, irọ́ ló ń pa."

"Èwo ni kí n wá gbàdúrà pé kó jẹ́?"

Nọ́ọ̀sì wo ojú ọmọ, ó wo ẹnu rẹ̀. "Ó ń mu ọmú. Ìyẹn ni kí ẹ máa ṣọ́. Bó bá kọ ọmú, tàbí tí mímí rẹ̀ bá le, ẹ sáré wá." Ó kán oògùn sí ọmọ lẹ́nu.

Lásìkò yẹn, Mùs'áb ti wà lórí ibùsùn ọsibítù, wọ́n ń fún un ní afẹ́fẹ́.

Ọjọ́ kejì ni Oyíndà dé ẹnu ọ̀nà. "Wọ́n ní abẹ́rẹ́ wa ti yọ sí tìrẹ lára. Ṣé kí n máa retí tèmi?"

Alhaja wúkọ́ nínú ilé láti kìlọ̀. Ummulkulthum gbọ́ ọ.

"Mo purọ́ fún ọ, Oyíndà. Èéyi ti wà nílé wa kí n tó wá pè ọ́."

Oyíndà fẹ̀yìn rìn, ó fọwọ́ bo ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀. "O wá pọ̀n ọ́n wọ ṣọ́ọ̀bù mi?"

"Mi ò mọ̀ bóyá ó ti ní in. Títí di ìsinsìnyí, mi ò mọ̀."

Oyíndà lọ láìdágbére.

Lọ́jọ́ kẹrin tí àìsàn náà ti bẹ̀rẹ̀, ara Haleemah tutù. Alhaja ní àdúrà òun ló gbà. Ọkọ Ummulkulthum ní èéyi ọ̀hún ni kò le. Nọ́ọ̀sì ní bóyá abẹ́rẹ́ ló mú àìsàn náà rọ̀. Ummulkulthum jókòó láàárín ilé, ó ń fún ọmọ ní ẹ̀kọ. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, kò sì mọ ohun tó ń dúpẹ́ lé lórí gan-an. Haleemah tún lanu.