Omi Tí Wọn Ò Gbé Lọ Síbi Ìdíje

1.

… omi tó pupa débi pé aṣọ funfun tí wọ́n bá fi í fọ̀ ń jáde bí ohun tí wọ́n rẹ sínú tíì. Kì í ṣe àbùmọ́. Irú omi tó ń jáde lẹ́nu ẹ̀rọ ní Hallam Bend nìyẹn, ìlú kékeré kan lẹ́yìn Pasadena ní Texas, níbi tí èéfín àwọn ilé-iṣẹ́ epo ti ń tán, tí pápá ti ń bẹ̀rẹ̀. Irin pọ̀ nínú ilẹ̀ wọn. Kànga ìlú ń fà á sókè, páìpù ń gbé e wọlé, àwọn ará ìlú sì ń ra omi inú ike mu.

Báyìí ni nǹkan rí nígbà tí Wùmí dé.


2.

Ẹ jẹ́ n sọ ẹni tó jẹ́ fún yín.

Wùmí kàwé ní Houston. Ó gboyè nínú ìmọ̀ ẹ̀rọ, ó ṣiṣẹ́ nílé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ń fọ epo ní Pasadena, ó fẹ́ Ẹkúndayọ̀, dókítà eyín, wọ́n sì kó lọ sí Sugar Land bíi ti àwọn ẹgbẹ́ wọn. Ilé ńlá, ọmọ kan, Olúwatọ́mi.

Lọ́jọ́ kan ó fi iṣẹ́ epo sílẹ̀. Ó gba iṣẹ́ olórí ilé-iṣẹ́ omi Hallam Bend. Láràárọ̀ ló ń wakọ̀ la Houston já lórí freeway, láti ibi tí oòrùn ti ń wọ̀ lọ síbi tó ti ń yọ.

Wọ́n bi í pé kí ló dé. Ó ní òun fẹ́ ṣe iṣẹ́ tí òun lè bù mu.


3.

WHATSAPP: ÀWỌN ÌYÁ SUGAR LAND

OLÚWABÙNMI: Wùmí, is it true? O fi oil and gas sílẹ̀, o wá lọ ń pọnmi?
WÙMÍ: Mi ò pọnmi o. Mò ń tún un ṣe ni.
OLÚWABÙNMI: Abeg, same thing 😂
WÙMÍ: Ẹ wá wò ó.

Kò sẹ́ni tó lọ wò ó.


4.

Opó kan wà ní Hallam Bend tó ń jẹ́ Veronica. Ibẹ̀ ni wọ́n bí i sí, ibẹ̀ ló ti darúgbó. Gbogbo ìgbà tí ìgbìmọ̀ ìlú bá ń ṣèpàdé, Veronica á gbé ife omi pupa kan wá, á gbé e kalẹ̀ síwájú wọn, á padà lọ jókòó. Kì í sọ̀rọ̀.

Ìpàdé àkọ́kọ́ tí Wùmí lọ, ó gbé ife náà síwájú Wùmí.

“Mu ún.”

Wùmí gbé e, ó mu ún. Ó ń ta lẹ́nu bí ìgbà téèyàn lá ìṣó.

“Ẹ fún mi láyè díẹ̀, mà,” ni Wùmí wí.

(Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń sọ. Èmi ni mo yí i sí Yorùbá. Mo fi *ẹ* sí i torí pé Veronica tó Wùmí bí.)


5.

Ó ra asẹ́ tuntun sẹ́nu kànga. Ó ṣí tápù ẹ̀bá títì tí àwọn panápaná ń lò ní àdúgbò kan tẹ̀ lé òmíràn, ó jẹ́ kí ìpẹtà ọdún gbọọrọ ṣàn dànù sójú títì. Òun àti Justin, ẹni tó ń tọ́jú ẹ̀rọ, ni wọ́n jọ ń lọ, bàtà rọ́bà lẹ́sẹ̀ àwọn méjèèjì. Àwọn kan bú wọn pé wọ́n ń fi omi ṣòfò.


6.

Omi náà mọ́.


7.

ÌKÉDE LÁTI ỌWỌ́ OLÓRÍ ÌLÚ

*Ẹ̀yin ará Hallam Bend,*
*Omi wa ti wọ àṣekágbá nínú ìdíje omi ẹ̀rọ tó dùn mu jù lọ ní gbogbo agbègbè wa. Bẹ́ẹ̀ ni, OMI WA. Lọ́jọ́ Sátidé ni àwọn adájọ́ máa tọ́ ọ wò. Ẹ jáde wá, ká jọ yọ̀.*
*Andrew*


8.

WHATSAPP: ÀWỌN ÌYÁ SUGAR LAND

OLÚWABÙNMI: Ah ah! Our own Wùmí!
OLÚWABÙNMI: Omi téèyàn máa mu kò ní ṣàn kọjá ẹni.
OLÚWABÙNMI: We are coming on Saturday. Gbogbo wa.

Wùmí ka ọ̀rọ̀ yìí nínú ọkọ̀ kó tó wọlé síbi iṣẹ́. Ó wo ojú ara rẹ̀ nínú dígí. Ó fi ìtọ́tè kun ètè, ó ga sí i lórí ìjókòó. Ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ débi tí orí ń wú nìkan ló mọ irú ayọ̀ yẹn.


9.

Ọjọ́bọ̀. Àwọn tó ń ri wáyà intanẹ́ẹ̀tì mọ́lẹ̀ gbẹ́ ilẹ̀ ní Pecan Street. Irin wọn gún páìpù ńlá tó ń pín omi fún ìdajì ìlú. Omi tú jáde bí ẹni pé ilẹ̀ ń bì.

Justin àti àwọn èèyàn rẹ̀ tún un ṣe kí ọ̀sán tó pọ́n tán. Ṣùgbọ́n láàárín àkókò kan, agbára omi ti lọ sílẹ̀ pátápátá nínú àwọn páìpù. Tí omi kò bá lágbára nínú páìpù mọ́, ìdọ̀tí inú ilẹ̀ lè wọlé láti ojú ihò kékeré tí ẹnikẹ́ni ò rí.

*Lè* ni mo wí. Mi ò wí pé ó wọlé.


10.

Wùmí bu omi Pecan Street sínú ife, ó gbé e sókè sí oòrùn. Ó mọ́ gaara. Ìyẹn gan-an ló bà á lẹ́rù. Omi pupa máa ń kìlọ̀ fún èèyàn.


11.

LÓRÍ FÓÒNÙ

ANDREW: Wọ́n ti tún páìpù ṣe?
WÙMÍ: Wọ́n ti tún un ṣe.
ANDREW: Omi ti padà?
WÙMÍ: Ó ti padà.
ANDREW: Ó mọ́?
WÙMÍ: Ó mọ́ lójú.
ANDREW: Ọ̀rọ̀ tán. A ó dúró de èsì àyẹ̀wò. Tí kò bá dáa, ká wá kéde.
WÙMÍ: Àwọn ọmọ daycare á ti mu ún kí èsì tó dé.
ANDREW: Òfin fún wa láyè di ọ̀la.
WÙMÍ: Òùngbẹ ò mọ òfin.
ANDREW: Wùmí, ìgbà wo ni ìlú yìí ti rí nǹkan fi yangàn gbẹ̀yìn?
WÙMÍ: Mò ń kọ ìkéde náà lọ́wọ́ ni.


12.

Ẹ ṢỌ́RA

Ẹ ṢỌ́RA

Ẹ ṢỌ́RA

*Páìpù ńlá bẹ́ lónìí ní Pecan Street. A ti tún un ṣe, ṣùgbọ́n a ò tíì mọ̀ bóyá kòkòrò wọ inú omi. Títí a ó fi sọ ohun mìíràn fún yín, ẹ se omi ẹ̀rọ yín kó hó dáadáa kẹ́ ẹ tó mu ún, kẹ́ ẹ tó fi po mílíìkì ọmọ, kẹ́ ẹ tó fi fọ eyín. Tí ẹ bá ní ìbéèrè, nọ́ńbà fóònù mi nìyí. Èmi fúnra mi ni màá gbé e.*
*Wùmí, ilé-iṣẹ́ omi*


13.

Wọ́n fi ìkéde náà ránṣẹ́ sórí fóònù gbogbo ìlú. Wùmí ní kò tó. Ó tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé. Olúwatọ́mi wá láti yunifásítì láti ràn án lọ́wọ́.

TỌ́MI: Mummy, everybody got the text.
WÙMÍ: Ẹni tí ò ní fóònù ńkọ́? Ẹni tó ń sùn ńkọ́?
TỌ́MI: Okay. Okay.
WÙMÍ: Kó o sì kí àgbàlagbà kó o tó na ìwé sí wọn.
TỌ́MI: They're Americans, Mummy.
WÙMÍ: Wọn ò dàgbà ni?

Ìyá ń kan ilẹ̀kùn lápá ọ̀tún títì, ọmọ ń kan ilẹ̀kùn lápá òsì. Wùmí ń gbọ́ ohùn ọmọ rẹ̀ lódìkejì: “Good afternoon, ma. My mother runs the water.” Lẹ́yìn ilẹ̀kùn bíi mélòó kan, ó gbọ́ tí ohùn yẹn yí padà. Ó ti le sí i. Ó ti ń tẹnu mọ́ *my mother*.

Wùmí ò wo ẹ̀yìn. Ó kàn ń rìn lọ.


14.

LẸ́NU Ọ̀NÀ VERONICA

WÙMÍ: Ẹ káàsán, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má mu omi ẹ̀rọ láìsè é.
VERONICA: Mo ti mu ún láàárọ̀.
WÙMÍ: Ti àárọ̀ ò léwu. Lẹ́yìn ìgbà yẹn ni páìpù bẹ́.
VERONICA: Kò tíì pẹ́ tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í mu ún. Ṣé o mọ̀?
WÙMÍ: Mo mọ̀, mà.
VERONICA: Ó ti bàjẹ́ ni?
WÙMÍ: Mi ò mọ̀. Ìdí tí mo fi wá nìyẹn.

Veronica gba ìwé náà. Ó pa ilẹ̀kùn dé.


15.

Ó ku ti ìdíje.

Omi tí wọ́n fẹ́ gbé fún àwọn adájọ́ wà nínú fíríìjì ní ọ́fíìsì. Ṣáájú kí páìpù tó bẹ́ ni wọ́n ti bù ú. Kò sí àbùkù kankan lára rẹ̀. Àwọn tó ṣètò ìdíje pàápàá ní kò sí wàhálà, kí wọ́n máa gbé e bọ̀. Andrew wá fúnra rẹ̀ ní Jímọ̀, ó dúró síwájú fíríìjì náà bí ẹni tó wá mú ọmọ rẹ̀ lọ sílé.

“Omi yìí mọ́,” ló wí. “Ìwọ náà mọ̀ pé ó mọ́.”

“Mo mọ̀.”

“Kí ló wá kù?”

“Èèyàn kì í gbé omi tí a ní kí ará ilé má mu fún àlejò.”

Wùmí tẹ àwọn tó ṣètò ìdíje láago. Ó ní Hallam Bend ò ní lè wá. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n pa fóònù. Nígbà tí Andrew dé ẹnu ọ̀nà ló yíjú padà, ó ní ìgbìmọ̀ máa jíròrò ọ̀rọ̀ iṣẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ Túsìdeè.


16.

Ó sunkún nínú ọkọ̀ nígbà tó ń lọ sílé.

Rárá. Ẹ jẹ́ n tún un sọ. Ó gbé ẹkún náà mì, ó ń wakọ̀ lọ. Ìgbà tó délé, Ẹkúndayọ̀ bi í pé, “Ó dùn ẹ́?” Ó ní, “Ó dùn mí.” Ọkọ rẹ̀ fa àga fún un, ó bu oúnjẹ síwájú rẹ̀. “Èmi ń fi ẹ́ yangàn,” ló wí, ó sì lọ dúró ti síǹkì bí ẹni tó ń fọ abọ́. Kò sí abọ́ kankan níbẹ̀.


17.

WHATSAPP: ÀWỌN ÌYÁ SUGAR LAND

WÙMÍ: Ẹ má wá mọ́ ní Saturday. A ti yọwọ́.
OLÚWABÙNMI: Kí ló ṣẹlẹ̀?
WÙMÍ: Mo ní kí wọ́n máa se omi wọn. Mi ò tíì mọ̀ bóyá ó bàjẹ́.
OLÚWABÙNMI: So they don't have water to drink?
WÙMÍ: Wọ́n ń sè é.
OLÚWABÙNMI: We are still coming jàre. A máa gbé omi dání.

Wọ́n wá. Àwọn obìnrin Sugar Land, dókítà, oníṣirò owó, lọ́yà, wọ́n to páálí omi kalẹ̀ síwájú ilé panápaná, wọ́n ń gbé e sí bọ́ọ̀tù ọkọ̀ àwọn ará ìlú. Olúwabùnmi ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá dúró pé, “That's our sister. The water lady. Ọmọ wa ni.”


18.

ÈSÌ ÀYẸ̀WÒ, SUNDAY

*Kò sí kòkòrò kankan nínú omi.*


19.

“A jẹ́ pé ó mọ́ látìbẹ̀rẹ̀,” ni Andrew wí.


20.

ÌPÀDÉ ÌGBÌMỌ̀ ÌLÚ, ÌRỌ̀LẸ́ TÚSÌDEÈ

ANDREW: Ohun tó wà níwájú wa ni bóyá kí Wùmí máa bá iṣẹ́ lọ. Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀, kó wá síbi makirofóònù.
ỌKÙNRIN TÓ NÍ ILÉ OÚNJẸ: Mo ti ilé oúnjẹ mi pa látorí ohun tí kò ṣẹlẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò ṣàìsàn. Ìdíje nìkan la pàdánù.
ÌYÁ ỌLỌ́MỌ KAN: Wọ́n kan ilẹ̀kùn mi. Ohun tí mo fẹ́ sọ nìyẹn.
ANDREW: Wùmí, ṣé ó ṣeé ṣe kó o ti dúró de èsì?
WÙMÍ: Ó ṣeé ṣe.
ANDREW: Tó bá tún ṣẹlẹ̀ lọ́la ńkọ́?
WÙMÍ: Màá tún kéde. Màá sì tún fi tayọ̀tayọ̀ sọ fún yín pé ó mọ́, tó bá mọ́.

Veronica dìde. Ọwọ́ rẹ̀ ṣófo.

VERONICA: Omi yìí ti pupa lójú mi. Ó ti rùn nímú mi. Ọkọ mi mu ún títí ó fi kú. Ní gbogbo ọdún yẹn, kò sẹ́ni tó kọ ìwé kan fún mi. Ọjọ́ kan ṣoṣo tí ẹnì kan wá sẹ́nu ọ̀nà mi pé kí n má mu omi yìí, ọjọ́ yẹn gan-an ni mo gbà á gbọ́.

Ó jókòó.


21.

Fóònù Wùmí gbọ̀n. Justin ni. Klorínì, oògùn tó ń pa kòkòrò inú omi, ń lọ sílẹ̀ ní òpin Elm Street, níbi tí páìpù ti dópin tí omi ti máa ń sùn. Ó yẹ kí wọ́n ṣí i kó ṣàn.

Wùmí dìde lẹ́gbẹ̀ẹ́ Tọ́mi, tó bá a wá sípàdé.

TỌ́MI: Mummy, wọn ò tíì dìbò.
WÙMÍ: Jẹ́ kí wọ́n dì í.
TỌ́MI: You're not going to wait?
WÙMÍ: Wá bá mi gbé irin tá a fi ń ṣí tápù.


22.

Elm Street ò jìnnà sí gbọ̀ngàn. Ìmọ́lẹ̀ ìrọ̀lẹ́ ṣì wà. Wùmí fi irin náà há orí tápù panápaná, ó fi gbogbo ara yí i. Omi fọ́n jáde, ó lu ọ̀dà títì, ó ń ṣàn lọ sínú gọ́tà. Tọ́mi bá a di irin náà mú, bàtà rẹ̀ ti rin.

Láti ibi tí wọ́n dúró sí, wọ́n ń rí fèrèsé gbọ̀ngàn. Ọwọ́ ń gòkè níbẹ̀. Ọwọ́ kan. Òmíràn. Wọn ò lè mọ èyí tó ń sọ pé kó dúró àti èyí tó ń sọ pé kó máa lọ.

“Mummy, look.”

Wùmí ti bẹ̀rẹ̀. Ó ti bu omi náà sínú ìgò àyẹ̀wò, ó ti kán oògùn sí i, ó ń wò ó bí klorínì inú rẹ̀ ṣe ń yí àwọ̀ rẹ̀ padà.