Ẹ̀rí tí Áńpù Kò Jẹ́

Ní ọ̀sán Jímọ̀ kan lọ́dún 2009, inú bí Súmbọ̀ Ẹkúndayọ̀ débi pé ó gbàgbé ìrẹsì tó rà sórí tábìlì títí ó fi tutù. Iná ló lọ, ohun tí kò yẹ kó tún máa bí ọmọ Kétu nínú mọ́. Súmbọ̀ ń dán áńpù kan wò ní ọ́fíìsì wọn ní Kétu, lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Áńpù ni ẹ̀rọ tó ń sọ ohùn kékeré di ńlá kí sípíkà tó gbé e jáde, kọ̀ǹpútà ló sì ń darí rẹ̀. Bí iná ṣe lọ, áńpù kú. Kọ̀ǹpútà ní tirẹ̀ ní bátìrì, kò mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Wọ́n tan jẹnẹrétọ̀, áńpù jí padà, Súmbọ̀ sì tẹ orin sí i.

Kò gbọ́ nǹkan kan. Ó wo ojú kọ̀ǹpútà: áńpù wà ní títàn, ohùn wà ní ọgọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún. Ó fi etí ti ẹnu sípíkà. Kẹ́kẹ́ pa.

"Ọgọ́rin bàbá ẹ ni!" ló jágbe mọ́ kọ̀ǹpútà.

Lẹ́yìn náà ló rántí Bọ̀dá Gafar.

Gafar ni akéde ọjà Mile 12, ọkùnrin tó ti lé ní àádọ́ta ọdún, tó ń gbé lọ́hùn-ún ní Ajégúnlẹ̀ lẹ́bàá odò. Òfin ọjà ni pé bí tírélà tòmátì bá ti Òkè Ọya dé, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣí i títí akéde yóò fi kéde rẹ̀ lórí sípíkà. Gbogbo ìyá olójà á jọ dé ìdí ọkọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kí àwọn alágbára má baà ṣa apẹ̀rẹ̀ tó dára tán kí àwọn yòókù tó gbọ́. Iléeṣẹ́ tí Súmbọ̀ ń bá ṣiṣẹ́ ló ṣe ẹ̀rọ ìkéde náà fún wọn.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, tírélà méjì dé láàárọ̀. Gafar sọ̀rọ̀ sí máìkì, ọjà kò gbọ́. Kí àwọn ìyá tòmátì tó mọ̀, alágbàtà kan ti kó ojúlówó inú ọkọ̀ àkọ́kọ́ lọ. Ariwo ta. Wọ́n ní Gafar ti gba àbẹ̀tẹ́lẹ̀, ó mọ̀ọ́mọ̀ fa wáyà yọ ni. Láàárín ìjàngbọ̀n náà, ẹnì kan pa kọ̀ǹpútà, ó tún un tàn, sípíkà bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ ketekete. Ọ̀rọ̀ Gafar wá bọ́ sínú omi gbígbóná: ẹ̀rọ tó yá gágá báyìí, ta ló dí i lẹ́nu láàárọ̀?

Wọ́n ránṣẹ́ pe Súmbọ̀ pé kó wá wò ó. Kò lọ. Iṣẹ́ pọ̀ lọ́rùn rẹ̀, oòrùn sì mú. Ó ní kí wọ́n gbé kọ̀ǹpútà nìkan wá fún òun. Ó tú àkọsílẹ̀ inú rẹ̀ wò, ó sì kọ lẹ́tà, ó fọwọ́ sí i: ní aago mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlógún tí Gafar sọ̀rọ̀ sí máìkì, áńpù wà ní títàn, ohùn wà ní ọgọ́rin, bí ohùn kò bá jáde, a jẹ́ pé ènìyàn ló já wáyà. Wọ́n ka lẹ́tà náà sétí gbogbo ọjà. Gafar ní kí wọ́n gbé Kùráánì wá kí òun búra. Àlhájà Kabirat, ìyálọ́jà àwọn onítòmátì, ní kò sí ìdí fún un.

"Ẹ̀rọ kì í gba rìbá," ni Àlhájà wí. "Kò láya, kò lọ́mọ, kí ló fẹ́ fi ṣe?"

Bí wọ́n ṣe lé Gafar nìyẹn, wọn kò sì tíì lo ẹ̀rọ náà mọ́ láti ìgbà náà. Ó di ọjọ́ kọkànlá báyìí, olè sì ni orúkọ tí wọ́n ń pè é láti Mile 12 dé Owódé.

Ohun tó ń bí Súmbọ̀ nínú jù ni pé òun fúnra rẹ̀ ló kọ irọ́ náà. Ètò kékeré kan wà tó ń gba iṣẹ́ lọ́dọ̀ kọ̀ǹpútà, tó ń jẹ́ ẹ fún áńpù. Dírẹ́bà làwọn oníṣẹ́ ń pè é. Inú áńpù ní àwọn ojú àpótí kéékèèké tí wọ́n ń pè ní rẹ́jísítà, ibẹ̀ ni dírẹ́bà ń kọ nọ́ńbà sí: èyí fún bí ohùn yóò ṣe lọ sókè tó, èyí fún ṣíṣí ẹnu tàbí pípa á dé. Nítorí pé lílọ bíbọ̀ sọ́dọ̀ áńpù máa ń fa nǹkan sẹ́yìn, Súmbọ̀ ní kí dírẹ́bà máa tọ́jú ẹ̀dà ohun tó bá kọ sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Bí ẹ bá bi í léèrè, inú ẹ̀dà ló ń wò. Bí ẹ bá ní kó kọ ọgọ́rin, tó sì rí ọgọ́rin nínú ẹ̀dà, kò ní ṣísẹ̀ rárá. Ó dà bí ẹni tí wọ́n rán pé kó lọ kí bàbá arúgbó ẹ̀yìnkùlé, tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, tó ní, "Wọ́n wà dáadáa," torí pé wọ́n wà dáadáa lánàá.

Áńpù tó bá kú tó jí kì í rántí ohunkóhun, pẹ̀lú ẹnu pípadé ló ń jí. Tẹ́lẹ̀, òun àti kọ̀ǹpútà jọ ń kú ni, wọ́n jọ ń jí, dírẹ́bà á sì tún gbogbo rẹ̀ kọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ Ajé tí ìjàngbọ̀n ku ọ̀la, wọ́n gbé bátìrì tuntun sídìí kọ̀ǹpútà ọjà. Ta ló sì gbà wọ́n nímọ̀ràn bátìrì? Súmbọ̀ yìí kan náà ni.

Àtúnṣe rẹ̀ kò gbà ju wákàtí kan lọ: bí áńpù bá ti kú tó jí, kí dírẹ́bà mọ̀ pé ẹ̀dà ọwọ́ òun ti di irọ́, kó tún gbogbo rẹ́jísítà kọ. Súmbọ̀ kọ ọ́ tán, ó gba yàrá ọ̀gá rẹ̀ lọ.

Ọ̀gá Adéṣẹ́gun gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín. "O ti fix ẹ̀? Good girl. Tí wọ́n bá gbé e wá fún servicing, kàn fi èyí tuntun sí i. Kò sí story níbẹ̀."

"Ọ̀gá, Bọ̀dá Gafar ńkọ́?"

"Gafar wo? Súmbọ̀, ọjà méjì míì ló ti fẹ́ gba ẹ̀rọ yìí. Ṣé o fẹ́ kí wọ́n máa sọ pé ẹ̀rọ onírọ́ ni mò ń tà?"

"Ẹ̀rọ onírọ́ lẹ̀ ń tà, sà! Èmi ni mo ṣe é! Mo fọwọ́ ara mi kọ lẹ́tà pé èèyàn jalè!"

"Lower your voice."

"N ò lower nǹkan kan!"

"Tó o bá lọ sí ọjà yẹn lọ sọ ìsọkúsọ, má wulẹ̀ padà wá síbí lọ́jọ́ Ajé."

Ẹ ẹ̀ rí nǹkan! Ọkùnrin tó ń ṣáájú àdúrà fún wọn láràárọ̀ kí wọ́n tó tan kọ̀ǹpútà. Súmbọ̀ ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn gbàgà, ó kó ẹrù rẹ̀ sínú báàgì. Títí tó fi délé ló ń bínú: ó bínú sí ọ̀gá, ó bínú sí bátìrì, ó bínú sí iná. Ẹni tó yẹ kó bínú sí gan-an, ṣe ló ń yí i po bí ẹni tó ń yẹ ẹ̀gún sílẹ̀.

Láàárọ̀ Sátidé, ó dúró níwájú ìgbìmọ̀ ọjà. Kò fa ọ̀rọ̀ gùn. Ó fa okùn iná áńpù yọ lójú gbogbo wọn, ó kà dé mẹ́wàá, ó tún un kì bọ̀ ọ́. Ó ní kí wọ́n sọ̀rọ̀ sí máìkì. Àlhájà Kabirat kígbe sí i títí iṣan ọrùn rẹ̀ fi yọ, sípíkà kò mira. Súmbọ̀ wá yí ojú kọ̀ǹpútà sí wọn. Ọgọ́rin ló wà níbẹ̀.

"Lẹ́tà tí mo kọ, irọ́ ni," ló wí. "Bọ̀dá Gafar ò fa wáyà kankan."

Àlhájà jókòó wọ̀ọ̀. Ó ní kí wọ́n lọ pe Gafar wá.

Gafar dé, wọ́n gbé àga fún un, kò jókòó.

"Gafar, ó ti tán o," ni Àlhájà wí. "Ẹ̀rọ ti dá ẹ láre. Padà sẹ́nu iṣẹ́ ẹ lọ́jọ́ Ajé."

"Ẹ̀rọ dá mi lẹ́bi, ẹ gbà á gbọ́. Ẹ̀rọ dá mi láre, ẹ tún gbà á gbọ́," ni Gafar wí. "Ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń kéde nínú ọjà yìí, láti ìgbà tó jẹ́ pé ẹnu lásán ni, tí n kì í lè gbé itọ́ mì lálẹ́. Àlhájà, èmi ńkọ́? Kí lẹ rò pé èmi jẹ́?"

Ó kọjú sí Súmbọ̀.

"Aunty Enjiníà, mo bá yín sọ̀rọ̀ lórí fóònù lọ́jọ́ yẹn. Kí ni mo sọ?"

"Ẹ ní iná lọ, iná dé, àtìgbà yẹn sípíkà ò sọ̀rọ̀ mọ́."

"Kí lẹ fi dá mi lóhùn?"

"Mo ní... mo ní kọ̀ǹpútà ò lè parọ́."

"Ọ̀kadà kan péré ni láti Kétu síbí."

Súmbọ̀ kúnlẹ̀. Gbogbo ìbínú tó ti ń pín kiri láti àná wá já lé e lórí, omijé sì lé ròrò sí i lójú. "Ẹ jọ̀ọ́, Bọ̀dá Gafar, ẹ má bínú. Ẹ̀rọ yẹn ló..."

"Ẹ má pe ẹ̀rọ sí i!" Gafar na ọwọ́ sí i. "Ọmọ mi obìnrin, Ajarat, Sunday tó kọjá ni wọ́n fẹ́ wá tọrọ ẹ̀ láti Alápẹ̀rẹ̀. Wọ́n ránṣẹ́ sí mi pé àwọn ò lè gba ọmọ olè sílé. Inú mi ń bí, mo sì fẹ́ kó máa bí mi. Ẹ dìde, a jọ ń lọ síbẹ̀ báyìí. Tá a bá débẹ̀, ẹ ò gbọdọ̀ sọ fún wọn pé ẹ̀rọ ló parọ́. Ẹ sọ pé wọ́n pè yín kẹ́ ẹ wá wò ó, ẹ ò wá."

Súmbọ̀ dìde nílẹ̀, ó gbọn eruku orúnkún rẹ̀ nù, ó sì tẹ̀ lé e.