Abẹ́rẹ́ Inú Agolo Mílíìkì

Ẹ̀rọ ìfọṣọ ńlá ń bú ramúramù, Ìyá Alágbàfọ̀ náà ń bú tirẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó fi ọwọ́ tútù di bébà mú, ó ń ka ọ̀rọ̀ tí ọmọ rẹ̀ tó ń ṣe tíṣà bá a kọ. Láti ọjọ́ Ajé ló ti ń kọ́ ọ báyìí láràárọ̀. Aago mẹ́wàá òní ni yóò dúró níwájú àwọn nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn tó ń bá fọṣọ, ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré ni ọ̀gá wọn sì fún un.

Ohun tó fẹ́ sọ kò pọ̀: ẹ yé fi abẹ́rẹ́ sílẹ̀ sínú aṣọ ibùsùn. Oṣù tó kọjá ni ọ̀kan gún Ìyá Ìkókó, ẹnìkejì rẹ̀ nídìí iṣẹ́, lọ́wọ́. Láti ìgbà náà ni obìnrin yẹn ti ń lo oògùn, tó ń dúró de èsì àyẹ̀wò, tí kò jẹ́ fún ọmọ rẹ̀ lọ́yàn mọ́. Inú ń bí Ìyá Alágbàfọ̀ gan-an. Ó ti fẹjọ́ sun àwọn ọ̀gá lẹ́ẹ̀mẹta. Wọ́n ní àwọn ti gbọ́, kò sì sí ohun tó yí padà. Bí ti òní náà bá já sí pàbó, kò mọ ẹni tí yóò tún lọ bá.

“Ṣé ẹ ti mọ̀ ọ́n tán?” Ìyá Ìkókó kígbe bi í láti ẹ̀yìn ẹ̀rọ.

“Mo mọ̀ ọ́n bí orúkọ mi.”

“Ẹ má jẹ́ kí àyà yín já o. Èèyàn bíi tiwa ni wọ́n.”

“Àyà mi ò já. Kí n má lọ bínú ni.”

Ó nu ọwọ́, ó kó ẹ̀mú àti aṣọ ibùsùn funfun kan, ó sì gbé agolo mílíìkì kan sápò. Ọmọ rẹ̀ ti ní kó má mú un lọ, pé kò bójú mu. Ó mú un lọ ṣáá.

Gbọ̀ngàn ìpàdé lókè dákẹ́ rọ́rọ́. Nọ́ọ̀sì bí ogójì ló jókòó, àwọn kan ń tẹ fóònù. Ìyá Alágbàfọ̀ ṣí bébà rẹ̀, ó lanu, ó kí wọn. Igbe ló jáde. Bíírò bọ́ lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì kan, àgbà obìnrin tó ń tòògbé níwájú ta gìrì, ni gbogbo ilé bá bú sẹ́rìn-ín.

Ìgbà náà ló yé e. Ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ ló ti kọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀, ohùn ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ ló sì gbé wá síbí. Ojú tì í. Ó wo ọ̀rọ̀ tó kàn nínú bébà: “Gẹ́gẹ́ bí ẹ̀yin náà ṣe mọ̀.” Irọ́ ni. Wọn ò mọ̀. Ó ká bébà náà, ó fi sápò.

“Ẹ má bínú,” ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́ báyìí. “Níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́, bí a ò bá pariwo, a ò lè gbọ́ ara wa. A kì í gbọ́ èyí náà.”

Ó ṣí agolo, ó sì rọra da ohun inú rẹ̀ sínú àwo irin tó wà lórí tábìlì. Àwọn abẹ́rẹ́ náà ró ṣaworo, ó sì pẹ́ díẹ̀ kí èyí tó kẹ́yìn tó bọ́. Ẹ̀rín dá.

“Mọ́kànlélógójì ni, láàárín oṣù mẹ́ta. Ẹ máa ń wé aṣọ bíi bọ́ọ̀lù, ẹ ó jù ú sápò, àwa ó sì kiwọ́ bọ̀ ọ́. Abẹ́rẹ́ ò mọ ìbọ̀wọ́. Ó gún ọ̀kan nínú wa lóṣù tó kọjá.” Ó tẹ́ aṣọ ibùsùn funfun náà sórí tábìlì. “Ẹ má gbọ̀n ọ́n. Ẹ tẹ́ ẹ báyìí, ẹ wo àárín rẹ̀, ẹ ṣẹ́ ẹ po sí mẹ́rin. Mo ti wo aago sí i. Kò tó ìdajì ìṣẹ́jú.”

Àgbà nọ́ọ̀sì tó ń tòògbé lẹ́ẹ̀kan bèèrè pé, “Ẹni tí abẹ́rẹ́ gún ńkọ́?”

“Ó wà nísàlẹ̀. Ó ń fọ aṣọ yín. Ọmọ oṣù márùn-ún ló ń tọ́.”

Wọn ò pàtẹ́wọ́. Ó kó abẹ́rẹ́ rẹ̀ padà pẹ̀lú ẹ̀mú, ó sì sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ọkàn rẹ̀ ò balẹ̀. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí. Ó kù sọ́wọ́ wọn bóyá yóò di odindi.

Ní aago mẹ́ta ọ̀sán ni àpò aṣọ ìdọ̀tí dé láti òkè. Ó wọ ìbọ̀wọ́, ó ṣí èyí àkọ́kọ́. Aṣọ tó wà lókè pátápátá rí bíi bọ́ọ̀lù, bíi ti àná. Ó mí kanlẹ̀, ó fi ẹ̀mú gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Wọ́n ti ṣẹ́ èyí tó wà lábẹ́ rẹ̀ po sí mẹ́rin. Òmíràn tó tẹ̀ lé e náà, etí rẹ̀ ṣe rẹ́gí. Ó fọwọ́ kan etí náà, kò sì tètè gbé ọwọ́ kúrò. Ẹnìkan lókè ti wo ibí yìí kí ọwọ́ tirẹ̀ tó dé e.

“Kí lẹ rí?” Ìyá Ìkókó kígbe.

Ó dá a lóhùn, ṣùgbọ́n jẹ́jẹ́ ló sọ ọ́, ariwo ẹ̀rọ sì bò ó mọ́lẹ̀. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé aṣọ náà sókè, kí Ìyá Ìkókó lè rí i.