Ká Pààrọ̀ Ẹ́ńjìnnì, Àbí Ká Tún Un Ṣe?

Kí lọ́rì ọkọ mi tó dé ẹnu ọ̀nà wa, mo ti máa ń gbé omi ìwẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀. Kì í ṣe pé mo ríran. Ariwo ẹ́ńjìnnì náà ló máa ń ṣáájú rẹ̀ wọ àdúgbò: ko-ko-ko, ko-ko-ko, bí ẹni ń fi òòlù kan ilẹ̀kùn irin. Aránṣọ tó wà ní òdìkejì wa á ní, "Ìyá, àlejò yín ti ń kanlẹ̀kùn o," àwọn oníbàárà rẹ̀ á sì bú sẹ́rìn-ín. Èmi kì í rẹ́rìn-ín. Inú mi máa ń bàjẹ́ ni.

Ọkọ mi nìkan ló ń sọ pé kò sí ariwo. "Ariwo wo?" ni yóò wí. "Ẹ́ńjìnnì yìí ṣì máa sin èmi àti ìwọ."

"Èyí tó máa sin wá yìí gan-an ni mò ń sọ!" ni mo máa ń dá a lóhùn. Yóò kàn máa yọ bàtà rẹ̀ lọ bí ẹni pé afẹ́fẹ́ ló fẹ́ kọjá. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́, èmi kì í ṣe onísùúrù. Lọ́jọ́ tí wọ́n ń pín sùúrù, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ pé mo ti bínú kúrò lórí ìlà.

Ohun tó gbé wa dé ọ̀dọ̀ mẹ́káníìkì ni pé lọ́rì náà kú mọ́ ọn lọ́wọ́ lórí òkè, tòun ti ẹrù sìmẹ́ńtì lẹ́yìn. Lọ́rì náà wá ń yí padà bọ̀ sísàlẹ̀. Àwọn tó ń lọ lọ́nà ló sáré gbé òkúta sí abẹ́ táyà. Òun fúnra rẹ̀ kò sọ ọ́ fún mi. Ẹnu ẹlòmíràn ni mo ti gbọ́. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ní àfi ká gbé e lọ bá mẹ́káníìkì. Ẹ̀mí ọkọ mi ni mò ń jà fún, kì í ṣe irin. Òkè pọ̀ lójú ọ̀nà, òkúta lè má sí nítòsí lọ́jọ́ mìíràn.

Ajere ni wọ́n ń pe mẹ́káníìkì wa, nítorí pé etí rẹ̀ lu kára bí ara ìkòkò ajere. Tí ọkọ̀ bá ṣì wà ní ìkóríta, á ti sọ ohun tó ń ṣe é. Òun àti ọkọ mi ti jọ wà láti ìgbà tí àwọn méjèèjì ṣì jẹ́ àpọ́n. Ní àárọ̀ ọjọ́ tí mò ń wí yìí, ó ní kí ọkọ mi tan lọ́rì náà sílẹ̀. Ó gbé imú ọkọ̀ sókè, ó mú ọ̀pá irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan, ó fi orí kan lé ara ẹ́ńjìnnì, ó sì fi orí kejì sí etí rẹ̀. Bó ṣe máa ń yẹ ọkọ̀ wò nìyẹn. Kò pẹ́ tó fi yọ irin náà kúrò, tó ń fi ọwọ́ pa etí.

"Ó ti bàjẹ́ dénú," ló wí. "Kíránkì, irin tó ń yí nínú ẹ̀, ti jẹ. Tí mo bá ní kí n pààrọ̀ bérìn tó gbé e dúró nìkan, ẹ̀tàn ni, á tún padà síbẹ̀. Ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀ kan wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù mi, kì í pariwo, ó rọ̀ bí òwú. Jẹ́ ká pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì yìí, ọ̀rẹ́ mi."

"Tún un ṣe," ni ọkọ mi wí.

"Mo ní ó ti jẹ!"

"Mo ní kó o tún un ṣe. Kò sí nǹkan tó ṣe é."

Ajere na irin náà sí i. "Ó dáa. Gbọ́ ọ fúnra ẹ."

Ọkọ mi tẹ̀ ẹ́ mọ́ etí. Ó dijú. Ó pẹ́ díẹ̀ níbẹ̀, ojú rẹ̀ tutù bí ojú ẹni tó ń gbọ́ orin. Lẹ́yìn náà ó dá irin náà padà, ó ní, "Ó ń lọ dáadáa."

Ajere kọ́kọ́ wò ó láti òkè délẹ̀. Lẹ́yìn náà ni inú bí i. "Ṣé irọ́ ni mò ń pa ni? Ṣé tìẹ ni mo fẹ́ jẹ?" Ó la àkísà ọwọ́ rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì wọ ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù lọ. Ọkọ mi pa lọ́rì náà, ó sì jókòó sínú rẹ̀ bí ọba.

Mo tẹ̀ lé Ajere láti lọ bẹ̀ ẹ́. Mo bá a láàárín àwọn ẹ́ńjìnnì tó tò sílẹ̀, kò tiẹ̀ jọ ẹni tó ń bínú mọ́.

"Ìyàwó wa, ẹ má bínú sí ohun tí mo fẹ́ bi yín. Ọkọ yín yìí, ṣé etí ẹ̀ ṣì ń gbọ́rọ̀ dáadáa?"

"Kí ló máa ṣe etí ẹ̀? Àìkanisí ló ń dà á láàmú."

"Ẹni tó bá fi irin yẹn sétí, tí ẹ́ńjìnnì ń kàn bí èyí, ó gbọ́dọ̀ fa orí ẹ̀ kúrò. Ó ń dun èèyàn wọnú ọpọlọ. Ọkọ yín ò ṣẹ́jú."

Mo rántí rédíò tó máa ń yí sókè títí ògiri yóò fi máa gbọ̀n. Mo rántí ìgbà tí mo ní iyọ̀ ti tán, tó ní ara gbogbo àwọn ọmọ le, bí ẹni pé àlàáfíà wọn ni mo béèrè. Gbogbo ọdún tí mo fi ń sọ̀rọ̀ láti ilé ìdáná tí kò fèsì, mo ní ó ń fojú di mí ni. Mo ti torí ẹ̀ di ẹrù mi rí, mo lọ jókòó sílé ẹ̀gbọ́n mi, mo ní tí kò bá bẹ̀ mí mi ò ní padà. Ó wá bẹ̀ mí. Ó dájú pé kò tiẹ̀ mọ ohun tó ṣe. Àánú rẹ̀ ṣe mí.

Síbẹ̀ mo fẹ́ dán an wò. Mo jáde, mo dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn ọkọ̀ tó ṣí sílẹ̀, níbi tí kò ti lè rí mi. Ibẹ̀ dákẹ́ rọ́rọ́.

"Bàbá wọn," ni mo pè. Kò dáhùn.

"Bàbá wọn, mo ti lóyún o."

Ní ọjọ́ orí tí mo wà yìí, ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yẹn mú ọkùnrin fò jáde látinú ọkọ̀. Ó ń nu dígí iwájú ọkọ̀ lọ ní tirẹ̀.

Mo gba ẹ̀gbẹ́ kejì gun ọkọ̀ náà. Ó ta gìrì nígbà tó rí mi. Àwọn àgbà ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Mo fi ojú mi kọjú sí tirẹ̀.

"Láti ìgbà wo ni etí yín ò ti gbọ́ mọ́?"

Ẹnu mi ló ń wò. Mo rí i báyìí pé ẹnu mi ló ti máa ń wò láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà ò jáde.

"Ti òsì ló kọ́kọ́ lọ," ló wí. "Ó ti pẹ́. Ti ọ̀tún náà sì ti ń lọ."

"Báwo wá ni ẹ ṣe ń wakọ̀?"

Ó tan lọ́rì náà. Ó mú ọwọ́ mi, ó gbé e lé ọ̀pá jíà. Gbogbo apá mi ń gbọ̀n. "Ẹsẹ̀ ni mo fi ń gbọ́ ọ," ló wí. "Tó bá gbọ̀n báyìí, mo mọ̀ pé kí n pààrọ̀ jíà. Tó bá ti ń rẹ̀ ẹ́ lórí òkè, àga tí mo jókòó lé ló ń sọ fún mi. Bí Ajere bá gbé èyí tó rọ̀ bí òwú síbẹ̀, mi ò ní mọ̀ bóyá ó ń ṣiṣẹ́ tàbí ó ti kú. Ìyá wọn, jọ̀ọ́. Jẹ́ kó tún un ṣe. Mi ò ní gba òkè yẹn mọ́."

"Tí wọ́n bá fun fèrè lẹ́yìn yín ńkọ́?"

"Mò ń wo dígí."

"Tí ọmọ ọlọ́mọ bá sáré bọ́ sójú títì, tí ìyá ẹ̀ ń kígbe?"

Kò fèsì. Ó sì rí ẹnu mi dáadáa.

"Jọ̀ọ́," ló tún wí. "Má sọ fún ẹnikẹ́ni. Kí ni kí n máa ṣe nílé? Kí n máa ka pákó àjà?" Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ọkùnrin tó ń bẹ̀ mí yìí, tí mo bá bínú sí i, èmi náà ló máa ń kọ́kọ́ káàánú rẹ̀.

Ajere jáde síta, ó dúró síwájú ọkọ̀. "Ọ̀rọ̀ kì í tóbi títí ká fi ọ̀bẹ bù ú," ló wí. "Ká pààrọ̀ ẹ ni, àbí ká tún un ṣe?"

Èmi ni àwọn méjèèjì ń wò. Tí mo bá ní kó tún un ṣe, ọkọ mi á fi ayọ̀ padà sójú títì, èmi á sì máa fi ọwọ́ lérán retí ìròyìn. Tí mo bá ní kó pààrọ̀ rẹ̀, ẹnu mi ló gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wá sí mi lọ́kàn pé mo lè kẹ̀yìn sí ọkọ mi, kí n sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ fún Ajere. Kò ní mọ̀ títí a ó fi délé. Mi ò lè hu irú ìwà bẹ́ẹ̀ sí i.

"Ẹ pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì náà, Ọ̀gá Ajere," ni mo wí. "A máa wá dírẹ́bà tó máa máa gbé e."

Ajere ni mò ń dá lóhùn, ṣùgbọ́n ojú ọkọ mi ni mò ń wò, mo sì ń la ẹnu mi díẹ̀díẹ̀. Kò gbọ́ ọ. Ó rí i.

Ó na ọwọ́, ó pa lọ́rì náà. Kò sọ̀kalẹ̀. Ó tẹ àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì mọ́ ilẹ̀ ọkọ̀, ó sì fi wọ́n síbẹ̀ títí ẹ́ńjìnnì náà fi gbọ̀n tán.