Ohun Tí Ẹ̀rọ Gbá Sẹ́gbẹ̀ẹ́

Ìyá Pàǹtírí ni wọ́n ń pe onímọ̀ àbùdá tó ń ṣiṣẹ́ ní yàrá ìsàlẹ̀ ilé ìwòsàn náà, kò sì fi ìgbà kan bínú sí i. Orúkọ tí wọ́n fi ń bú u ló gbà bí oyè. Ohun tí ẹ̀rọ tó ń ka àbùdá bá gbá sẹ́gbẹ̀ẹ́ pé kò wúlò, òun ni yóò lọ tú u wò, nítorí ó ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Iwájú rẹ̀ ni Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ jókòó sí láàárọ̀ ọjọ́ náà, tí ọmú rẹ̀ kún tó sì ń ro ó. Iṣẹ́ ìdìwé ni Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ń ṣe, ó sì ní ọmọ ọwọ́ nílé tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í já lẹ́nu ọmú. Jẹjẹrẹ ọmú ló pa ìyá Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, òun náà ló sì dá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin dùbúlẹ̀ lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ilé ìwòsàn yìí kan náà. Nígbà tí wọ́n yẹ àbùdá ẹ̀gbọ́n wò, wọn kò rí àléébù àjogúnbá kankan. Ṣùgbọ́n oníṣẹ́ abẹ ní pé a kò rí i kò túmọ̀ sí pé kò sí níbẹ̀. Ohun tó mú ìyá, tó tún mú ẹ̀gbọ́n, kò yẹ kí àbúrò fojú kéré rẹ̀. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ rò ó títí, ó gbà kí wọ́n gé ọmú rẹ̀ méjèèjì kí àrùn tó dé. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni iṣẹ́ abẹ. Àfi bí Ìyá Pàǹtírí ṣe ní òun fẹ́ yẹ ẹ̀jẹ̀ Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ àti ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wò, tó sì wá ránṣẹ́ pè é.

Ìyá Pàǹtírí kò fọ̀rọ̀ falẹ̀. Ó ní nínú àkọsílẹ̀ tí ara ń kà kó tó mọ iṣẹ́ tí yóò ṣe, àwọn alárìnká kan wà. Wọ́n mọ bí a ti ń da ara ẹni kọ, kí ẹ̀dà náà sì fò lọ balẹ̀ síbòmíràn. Wọ́n ti wà níbẹ̀ kí ènìyàn tó di ènìyàn, ẹ̀dà wọn sì pọ̀ lọ súà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èyí tó pọ̀ jù ti sùn. Bó ṣe ń ròyìn wọn, èèyàn á rò pé ọmọ aláìgbọràn kan tó fẹ́ràn ló ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó ní ìgbà tí ọ̀kan bá balẹ̀ sáàárín àbùdá tó ń ṣọ́ wa lọ́wọ́ jẹjẹrẹ ni ìjàngbọ̀n ń dé.

Ẹ̀rọ, ó ní, ègé kéékèèké ló ń kà, á wá dá ègé kọ̀ọ̀kan padà sáyè rẹ̀. Tí ègé kan bá jọ alárìnká, tí kò sì mọ èwo nínú ẹgbẹẹgbẹ̀rún ibi tó ti wá, kò ní da ara rẹ̀ láàmú, á gbá a sẹ́gbẹ̀ẹ́. Inú àgbásẹ́gbẹ̀ẹ́ yìí ló ti rí àwọn ègé tí ìdajì wọn jẹ́ alárìnká, tí ìdajì kejì sì jẹ́ àbùdá olùṣọ́ ti ẹ̀gbọ́n.

Ọ̀rọ̀ náà yé adìwé. Òun fúnra rẹ̀ ti ṣèèṣì rán ewé ìwé ìṣirò mọ́ àárín ìwé ìtàn rí. Kò sí lẹ́tà kan tí wọ́n ṣì kọ nínú ìwé náà, ṣùgbọ́n ìyàwó ń wọlé ọkọ lójú ewé kan, wọ́n ṣí èkejì, ìṣirò pínpín ni wọ́n bá níbẹ̀. Ẹni tó bá ń wá àṣìkọ nìkan kò lè rí i. Ó wo obìnrin tó jókòó ti ègé tí ẹnikẹ́ni kò fẹ́, tó tò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan títí wọ́n fi sọ̀rọ̀, ó sì wú u lórí gidigidi.

"Èmi wá ńkọ́, mà?"

"Kò sí lára tìẹ. Mo wò ó, mo tún un wò, mo ní kí ẹlòmíì bá mi wò ó. Ewu tìẹ ò ju ti obìnrin yòókù lọ. Máa lọ fún àyẹ̀wò bí wọ́n ṣe ń lọ. Mo ti bá oníṣẹ́ abẹ sọ̀rọ̀, òun náà ní kò sídìí láti gé ọmú ẹ."

Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ dúpẹ́ títí ó fi kù díẹ̀ kí ó di ariwo. Ṣùgbọ́n bó ṣe ń gun àtẹ̀gùn lọ sókè, ojú ń tì í pé inú òun dùn. Ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Ẹnu wo ni yóò fi sọ pé ó wà lára ẹ̀yin, kò sí lára èmi?

Ó bá ẹ̀gbọ́n lórí ibùsùn, omi oògùn ń kán sí i lọ́wọ́, orí rẹ̀ ń dán, ó sì ń bá nọ́ọ̀sì ṣe yẹ̀yẹ́ pé owó irun dídì ti ṣẹ́kù sí òun lọ́wọ́. Dókítà rẹ̀ ti sọ fún un láàárọ̀ ohun tí wọ́n rí, pé oògùn kan wà tó ń bá irú rẹ̀ jà dáadáa. Kò béèrè ọ̀rọ̀ oògùn. Ohun tó kọ́kọ́ béèrè ni bóyá ó wà lára àbúrò òun.

"Kò sí," ni Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ wí, ẹkún sì gbọ̀n ọ́n. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú."

Ẹ̀gbọ́n di ojú, ó mí kanlẹ̀. Ìgbà tó la ojú, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Tí màmá wa bá gbé nǹkan kalẹ̀ ká pín, ta ló ń kọ́kọ́ mú?"

"Ẹ̀yin ni."

"Mo ti mú tèmi. Nu ojú ẹ."