Ìbò Màámi

Mi ò kì í fi ẹnu mi ṣeré níbi tí wọ́n bá ti ń búra. Gbogbo Mamobi, àdúgbò wa ní Accra, ló mọ̀ mí mọ́ ọn, wọ́n ń pè mí ní Ràfíátù olóríkunkun. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa pè mí.

Lọ́dún 2020 tí wọ́n ní kí gbogbo ìlú tún orúkọ ìdìbò kọ, ẹni tí kò bá ní páásípọ́ọ̀tù tàbí káàdì ọmọ Ghana gbọ́dọ̀ mú ẹni méjì tó ti forúkọ sílẹ̀ wá, kí wọ́n búra pé ọmọ ìlú ni, kí wọ́n sì tẹ̀ka sí i. Mísbáù, ọmọ àbúrò mi, ló kọ́kọ́ wá bá mi. Kò ju ọdún mẹ́ta lọ tó ti Ìbàdàn dé, èmi gan-an ni mo sì lọ pàdé rẹ̀ níbùdókọ̀. Ó ní kí n búra pé Accra ni wọ́n bí òun. Mo bi í pé ta ni mo wá bá gbé ẹrù nínú bọ́ọ̀sì ọjọ́sí, ṣé àǹjọ̀nnú ni? Ó ní gbogbo ayé ló ń ṣe é, pé ìbò òun á sì kún ti ẹgbẹ́ mi, ká lè fi borí àwọn tó lé bàbá mi.

Lóòótọ́, wọ́n lé bàbá mi. Ní 1969 tí ìjọba ní kí àlejò tí kò níwèé kúrò nílùú, ọmọ tí wọ́n bí sí Accra ni bàbá mi, ṣùgbọ́n kò níwèé kankan. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ìsọ̀ aṣọ rẹ̀ lọ́jà Makola ti di ti ẹlòmíì. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni mí nígbà tí wọ́n kó wa sínú ọkọ̀ akẹ́rù lọ sí Nàìjíríà. Ọdún mẹ́ta la lò ká tó padà wá. Látìgbà tí ìbò ti padà dé, ẹgbẹ́ tí àwọn èèyàn ń pè ní ọmọ ọmọ ìjọba tó lé wa yẹn, mi ò tẹ̀ka fún wọn rí. Ṣùgbọ́n irọ́ ni irọ́ ń jẹ́. Mo sọ fún Mísbáù pé bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo lòótọ́ á bá a. Ó bínú lọ. Ìyá rẹ̀ pè mí láti Ìbàdàn, ó bú mi tọmọtọmọ.

Lọ́sẹ̀ yẹn náà ni Màámi ní òun fẹ́ dìbò. Ẹni ọdún márùndínlọ́gọ́rin ni. Kò forúkọ sílẹ̀ rí, ẹ̀rù kí ẹnikẹ́ni bi òun léèrè ibi tí òun ti wá ni kì í jẹ́ kó lọ. Ó ní òun fẹ́ tẹ̀ka lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kí òun tó kú, kí òun náà fi ìka tó ní yíǹkì hàn bí àwọn ojúgbà òun. Inú mi dùn débi pé mi ò lè jẹun.

Èmi àti Alhaji Bàdírù, aládùúgbò wa, la fẹ́ búra fún un. Afua wà níbi tí wọ́n ti ń forúkọ sílẹ̀, òun ló ń ṣojú ẹgbẹ́ kejì, àwọn tí mi ò tẹ̀ka fún rí, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni láti ta ko ẹni tí kì í bá ṣe ọmọ ìlú. Ọ̀rẹ́ mi ni láti kékeré, ìsọ̀ wa ò jìnnà síra ní Adabraka. Bó ṣe rí Màámi, ó gbé àga tirẹ̀ fún un.

Akọ̀wé bi mí níbi tí wọ́n bí i. Mo ní Accra ni, mi ò tiẹ̀ ronú. Ó kọ ọ́, ó ti ìwé náà sí mi. Mo ti fi àtàǹpàkò kan yíǹkì nígbà tí Màámi bi mí pé kí ni mo ní kí wọ́n kọ. Mo sọ fún un. Ó di ọwọ́ mi mú.

"Ràfíátù, Ọ̀fà ni wọ́n bí mi. Ọmọ oṣù mẹ́ta ni mí lẹ́yìn ìyá mi nígbà tí wọ́n pọ̀n mí dé. Bàbá rẹ ni wọ́n bí síbí."

Mo ní kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi látọjọ́ yìí? Ó ní mi ò bi òun rí. Òótọ́ ni, mi ò bi í rí.

Yorùbá la ń sọ. Akọ̀wé ò gbọ́, Afua ò gbọ́, Alhaji sì jìnnà díẹ̀. Ẹ má bá mi wí, mo fẹ́ tẹ̀ ẹ́. Ẹni tó ti ń mu omi Accra látọmọ oṣù mẹ́ta, kí ni wọ́n tún fẹ́ kó ṣe kó tó di ọmọ Accra? Ọkàn mi ń wí pé Ọlọ́run á dárí jì mí. Mo fa ọwọ́ mi, Màámi ò fi í sílẹ̀.

"O sọ fún Mísbáù pé rárá," ló wí. "Sọ fún èmi náà."

Mi ò lè sọ ọ́. Òun ló yíjú sí akọ̀wé, ó fi èdè Twi tó dá ṣáká ṣàlàyé pé ọmọ òun ṣèèṣì, pé Nàìjíríà ni wọ́n bí òun. Wọn ò forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Afua dorí kodò, kò lè wò wá. Mo sunkún délé, Màámi ló ń rẹ̀ mí lẹ́kún. Nígbà tí Mísbáù gbọ́, ó wá jókòó ti Màámi títí ilẹ̀ fi ṣú.

Lọ́jọ́ ìbò, Màámi wọ aṣọ Jímọ̀, ó ní òun máa sìn mí lọ. Lórí ìlà ni mo ti bi í pé ká ní ó ní káàdì, ta ni ì bá tẹ̀ka fún. Mo rò pé mo mọ̀ ọ́n. Ẹgbẹ́ Afua ló dárúkọ.

Mo ní, "Àwọn tó lé wa?"

"Ìyá Afua ṣe ẹgbẹ́ yẹn títí ó fi kú. Òun ló kó aṣọ títà bàbá rẹ sábẹ́ ibùsùn rẹ̀ fún ọdún mẹ́ta, a dé, ẹyọ kan ò dín. Ìjọba ò mọ̀ mí, Ràfíátù. Òun ló mọ̀ mí."

Mo ní èèyàn lọ́tọ̀, ẹgbẹ́ lọ́tọ̀. Ó ní ó lè rí bẹ́ẹ̀ lójú mi, kò bá mi jiyàn. Títí dòní mi ò gbà pẹ̀lú rẹ̀, mi ò sì ní gbà.

Mo wọ ibi ìkọ̀kọ̀ tí wọ́n ń tẹ̀ka sí. Láti 1992 ni mo ti ń tẹ ti ara mi, bí mo bá sì pẹ́ láyé, màá tún tẹ òmíràn. Ti Màámi ò ní sí láéláé. Mo ní ìbò kan ṣoṣo lọ́wọ́. Mo wo àmì ẹgbẹ́ tí mi ò fojú rere wò rí, mo tẹ àtàǹpàkò mi mọ́ ọn.

Nígbà tí mo jáde, ó bi mí pé ṣé mo tẹ̀ ẹ́ dáadáa.

"Mo ti bá yín tẹ̀ ẹ́, Màámi."

Ó wò mí títí. Ó wá gba ọwọ́ mi, ó fi ẹnu fẹ́ atẹ́gùn sí yíǹkì náà kó lè gbẹ. Yíǹkì gbẹ tán, kò fi ọwọ́ mi sílẹ̀.