Ààrò Kì Í Ṣe Fireplace

3.

…torí náà mo kọ *fireplace*.

Ọ̀rọ̀ kan péré. Mo ti tún fọ́ọ̀mù náà kà nígbà mẹ́rìnlá. Kò sí irọ́ níbẹ̀.

1.
*(Ó yẹ kí èyí ṣáájú. Ẹ má bínú.)*

Látífàt lorúkọ mi. Falconridge ni mò ń gbé, ní Calgary, lókè òkun. Iṣẹ́ mi ni kí n tẹ̀ lé àwọn tó ń yẹ ilẹ̀ wò kí wọ́n tó la ọ̀nà, kí n kọ ohun tí a bá rí sínú fọ́ọ̀mù, kí n fi ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì ìjọba. Bí ohun ìṣẹ̀ǹbáyé àwọn tó kọ́kọ́ ni ilẹ̀ bá wà níbẹ̀, ọ̀nà á yà fún un. Bí kò bá sí, katakata á wọlé.

2.

Orí òkè kékeré kan, lẹ́yìn àdúgbò Cityscape. Òkúta mẹ́tàlélógún, wọ́n tò wọ́n yípo. Màmá Doreen, àgbàlagbà ọmọ Blackfoot, ọ̀kan lára àwọn tó kọ́kọ́ ni ilẹ̀, tó ń bá wa yẹ ilẹ̀ wò, bẹ̀rẹ̀, ó fọwọ́ kan ọ̀kan.

MÀMÁ DOREEN: Ilé ẹnì kan nìyí. Àárín níbí ni iná wọn wà.
ÈMI: Ṣé a mọ ẹni tó ni ín?
MÀMÁ DOREEN: Àwa la ni ín.

Ní Ìsẹ́yìn, ilé ìyá ìyá mi ti wó kí wọ́n tó bí mi. Ààrò nìkan ló kù nínú koríko. Ìyá mi á dúró níbẹ̀, á ní, "Ẹ kúnlẹ̀, ẹ kí ìyá yín." Mi ò mọ ọ̀rọ̀ tó wúwo ju ààrò lọ.

3, lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ààrò. Kí ni wọ́n ń pè é ní Gẹ̀ẹ́sì?

4. ÈSÌ Ọ́FÍÌSÌ
*(Èmi ni mo túmọ̀ rẹ̀. Ẹ sì ti mọ irú ògbufọ̀ tí mo jẹ́.)*

Irú rẹ̀: fireplace.
Ìpín: ibi tí àwọn olùgbafẹ́ ti dáná, ti òde òní.
Ààbò: kò nílò.
Iṣẹ́ lè bẹ̀rẹ̀: Ọjọ́bọ̀, aago méje àárọ̀.
Ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò: kọ̀ǹpútà.

5. Mọ́ńdè, lórí fóònù

ỌKÙNRIN Ọ́FÍÌSÌ: Àtúnṣe gbọ́dọ̀ ní ìdí. Ẹ mú ọ̀kan: àṣìtẹ̀, tàbí àtẹ̀túntẹ̀.
ÈMI: Kì í ṣe àṣìtẹ̀. Mo mọ̀ọ́mọ̀ tẹ̀ ẹ́. Ní èdè wa —
ỌKÙNRIN Ọ́FÍÌSÌ: Bí ẹ bá mọ̀ọ́mọ̀ tẹ̀ ẹ́, ó tọ̀nà nìyẹn.
ÈMI: Ẹ wá wo ibẹ̀ fúnra yín!
ỌKÙNRIN Ọ́FÍÌSÌ: A kì í wá wò ó, màdáàmù. Ohun tí ẹ bá kọ là ń wò.

6.

Mo mú "àṣìtẹ̀". Irọ́ àkọ́kọ́ nìyẹn.

Irú rẹ̀? Mo tẹ *home*. Fọ́ọ̀mù ní kí n fi nọ́ńbà ilé àti orúkọ àdúgbò sí i.

Mo pariwo mọ́ kọ̀ǹpútà.

JÀMÍLÀT *(ọmọ mi, ọdún mẹ́sàn-án)*: Mummy, just tell them you made a mistake.
ÈMI: Mi ò ṣe mistake!
JÀMÍLÀT: Then why are you shouting?

7.

*A ti gba ẹ̀bẹ̀ àtúnṣe yín. Ẹ retí èsì láàárín ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́wàá.*

Mẹ́wàá. Ó ku mẹ́ta.

Wọ́n ní ààrò mẹ́ta kì í dọbẹ̀ nù. Èmi da tèmi nù.

8. WhatsApp, Túsìdeè

ÈMI: Ẹ̀gbọ́n Jimoh, ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣé ẹ̀yin lẹ máa wa katakata lọ sórí òkè yẹn ní Thursday?
Ẹ̀GBỌ́N JIMOH: Èmi ni. Kí ló dé?
ÈMI: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ kan àwọn òkúta yẹn. Ilé ni.
Ẹ̀GBỌ́N JIMOH: Paper tí wọ́n fún mi ní fireplace. Orúkọ ẹ ló wà nísàlẹ̀.
ÈMI: Ààrò ni mo ní lọ́kàn.

*(Ó ń tẹ̀. Ó dúró. Ó ń tẹ̀.)*

Ẹ̀GBỌ́N JIMOH: Ha.
Ẹ̀GBỌ́N JIMOH: Ìwé ìgbélùú mi, PR, ò tíì jáde o, àbúrò. Tí mo bá refuse, wọ́n á lé mi.

9.

Mo jẹ́wọ́ fún Màmá Doreen.

MÀMÁ DOREEN: Tún ọ̀rọ̀ yẹn pè.
ÈMI: Ààrò.
MÀMÁ DOREEN: A ti sọ fún wọn ní èdè tiwa. A ti sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì. Ó ku tìẹ.

Mi ò mọ̀ bóyá ó ń fi mí ṣeré ni. Ojú tì mí, inú sì ń bí mi.

10. Ọjọ́bọ̀, aago méje ku ìṣẹ́jú mẹ́jọ

Snow ń já. Mo dúró sí àárín, níbi tí iná wọn wà. Mọ́tò Màmá Doreen ṣì wà nísàlẹ̀ òkè, ó ń bọ̀.

Katakata dé. Ẹ̀gbọ́n Jimoh sọ̀ kalẹ̀. Ó rìn dé ibi òkúta, ó dúró lóde wọn, ó ṣí akoto rẹ̀.

Ẹ̀GBỌ́N JIMOH: Àgò onílé o.

Mo wo mọ́tò Màmá Doreen nísàlẹ̀. Èmi kọ́ ni mo nilé.

RÉDÍÒ: Jimoh? What's the hold-up?

Ẹ̀gbọ́n Jimoh ṣì dúró lóde òkúta, akoto lọ́wọ́. Kò pa ẹ́ńjìnnì.